Owó Oṣù Tíṣà

"Mọ́ńdè ni wọ́n máa parí gbígba ìwé ẹ̀yáwó, Bọ̀ọ̀dá mi. Bí onídùúró mi ò bá yọjú sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kó tó dìgbà náà, wọ́n á yá ẹlòmíì lówó náà ni."

Tíṣà kò gbé ojú kúrò lórí ìwé ìdánwò tó ń máàkì. Ó fa ìlà pupa gba orí ìdáhùn kan kọjá, ó wá rí i pé ìdáhùn náà tọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó sórí àpótí tó kọjú sí i, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tí kò ní í pẹ́. Ilé oògùn kan ló ti ń tajà láti ìgbà tó ti jáde girama, ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ lọ. Ọdún méjì péré, òun náà á di tíṣà bí ẹ̀gbọ́n òun. Wọ́n ti wá gbà á wọlé báyìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí Tíṣà fúnra rẹ̀ yáwó lọ́wọ́ wọn nígbà tirẹ̀ ni òun náà fẹ́ lọ bá.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ẹ. Jẹ́ kí n rò ó ná."

"Kí lẹ fẹ́ rò níbẹ̀? Ẹ̀yin náà ṣe é, ẹ sì ń jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò dénú. Ìyàwó rẹ̀, tó ń dirun fún oníbàárà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ṣé ẹ ò ní í mu omi ni?" Bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn.

"Ẹ má ṣèyọnu, ìyàwó wa. Mò ń padà síbi iṣẹ́ ni."

Nígbà tó lọ tán, tí oníbàárà náà sì ti sanwó tó bá tirẹ̀ lọ, ìyàwó wọlé, ó ń fi aṣọ nu ìpara kúrò lọ́wọ́.

"Ṣé ẹ máa dúró fún un?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò sì tíì sọ pé rárá."

Ó jókòó síbi tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ti dìde. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. "Ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù yín ni ẹgbẹ́ ń yọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Èmi ni mò ń san owó ilé. Mi ò ráhùn. Mo ní ó máa tán lọ́jọ́ kan, màá gba ṣọ́ọ̀bù, màá bọ́ lọ́wọ́ onílé tó ń ka ẹsẹ̀ gbogbo oníbàárà mi. Ó ti wá ku oṣù díẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá dúró fún un, tí kò bá wá rí i san ńkọ́? Ọrùn ta ni wọ́n máa gbé e kọ́?"

"Ọrùn mi."

"Ọrùn wa," ni ìyàwó wí. "Ṣé ó tiẹ̀ mọ iye tí ẹ̀ ń mú wálé?"

Tíṣà mirí. Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Nílé bàbá rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kàwé kọjá girama níbẹ̀, àwọn tó dàgbà jù ú lọ pàápàá ń pè é ní Tíṣà. Bó bá lọ kí wọn, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dáa jù, á fún màmá rẹ̀ lówó tí apá rẹ̀ ò ká, òun àti ìyàwó rẹ̀ á sì máa fún ìgbànú mọ́ra títí oṣù á fi parí. Ojú àbúrò rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yẹ yẹn ṣe, ìgbànú nìkan ni kò rí.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwé tó ti ń kọ́ni pe gbogbo olùkọ́ jọ sí kíláàsì kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Wọ́n há ara wọn mọ́ àga àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Ọ̀gá ní àwọn òbí ò tíì san owó ilé ìwé tán, nítorí náà ìdajì owó oṣù ni oníkálukú máa gbà lóṣù yìí. Ìyókù ń bọ̀ tó bá yá. Kò sẹ́ni tó béèrè ìgbà tó máa yá.

Obìnrin kan tó pẹ́ jù wọ́n lọ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Màmá Ṣọ́ọ̀kì, fọwọ́ kan Tíṣà lápá bí wọ́n ṣe ń jáde.

"Ojú ẹ ti yí padà. Ṣé torí ìdajì yìí ni?"

"Ẹgbẹ́ ò ní í yọ ìdajì ní tiwọn, mà. Odindi ni wọ́n máa yọ." Ó wá sọ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un.

Màmá Ṣọ́ọ̀kì rọra gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Èmi náà jẹ irú gbèsè yẹn. Nígbà tí mo san án tán, ó ṣe mí bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Mo ti fi iṣẹ́ yìí kọ́ yàrá méjì lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò lè sọ pé kò ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló bọ́ mi ní gbogbo ọdún tí mo fi san án. Ta ló máa bọ́ àbúrò ẹ?"

Ìbéèrè náà bá Tíṣà rìn títí dé ilé oògùn. Àbúrò rẹ̀ ń to ìgò oògùn ikọ́ sórí pẹpẹ. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó rí i.

"Ṣé ká máa lọ ni?"

"Rárá, ọ̀rọ̀ ni mo bá wá. Èló ni wọ́n ń san fún ẹ níbí?"

Ó sọ ọ́ fún un. Tíṣà ní ìyẹn ju ohun tó ń tẹ òun lọ́wọ́ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti gbèsè.

"Ẹ má bá mi ṣeré, Bọ̀ọ̀dá mi."

Tíṣà ro ẹjọ́ gbogbo: iye owó oṣù rẹ̀, iye tí wọ́n ń yọ, owó ilé tí ìyàwó ń san, ìdajì tó ń bọ̀ yìí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú kan náà ni àbúrò rẹ̀ ń fi àkísà nù lórí káńtà.

"Aago ọwọ́ tẹ́ ẹ rà fún mi nígbà tí mo jáde girama ńkọ́?"

"Mo yá owó rẹ̀ ni."

Ó fi àkísà náà sílẹ̀. "Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbí pé mò ń lọ. Wọ́n ti ń wá ẹlòmíì sípò mi. Ká ní ẹgbẹ́ ò béèrè onídùúró, ìgbà wo lẹ̀ bá sọ ọ́ fún mi?"

"Bóyá ǹ bá má sọ ọ́." Ojú tì í bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan wọlé, ó fẹ́ oògùn ẹ̀fọ́rí. Ọmọbìnrin náà tà á fún un, ó fún un ní ṣéńjì, ó kí i pé ẹ pẹ̀lẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ ṣe é?"

"Lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé, mo máa ń kábàámọ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ tí ò mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀ bá dìde, tó ka ìlà kan já láì kọsẹ̀, mi ò kì í rántí pé mo jẹ gbèsè."

"Ìyẹn ò sì san owó ilé."

"Kò san án. Mi ò lè dúró fún ẹ. Èmi fúnra mi, ẹsẹ̀ mi ò tíì dúró."

Àbúrò rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Ó dáa. Ẹ máa lọ sílé."

Àárọ̀ Sátidé ni àbúrò rẹ̀ tó pè é lórí fóònù. Ó ní ọ̀gá òun ò tíì rí ẹlòmíì. Ó bá a wí díẹ̀, ó ní kó padà sídìí káńtà. Àbúrò rẹ̀ tún ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lè máa wá ní òpin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa san owó díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́rin ni yóò gbà wọ́n.

"Ọdún mẹ́rin pọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó pọ̀."

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá ṣe é. Màmá ń béèrè ìdí tẹ́ ẹ ò fi dúró fún mi. Ó dùn wọ́n gan-an. Mo ní kí wọ́n bi yín."

Tíṣà gbé fóònù náà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Ó fa àga kan sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ pe Màmá kí oníbàárà mi tó dé."

Ó pè wọ́n. Kó tó kí ìyá rẹ̀ tán, ìyá náà, bó tilẹ̀ ń bínú, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un bó ṣe máa ń ṣe, pé owó á máa wọlé, pé ipò rẹ̀ á máa ga sí i. Tíṣà dúró dè é títí ó fi parí, ó ṣe àmín.

"Màmi," ó ní, "ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù mi ni mo fẹ́ bá yín sọ."