Igi Tó Kù

4.

…tí o bá ti rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, wá igi àgbọn iwájú ilé wa. Jẹ́ kí orí igi náà bọ́ sórí òrùlé náà gẹ́ẹ́. Ọ̀nà nìyẹn. Lápá ọ̀tún, àpáta. Lápá òsì, àpáta. Má wo ìgbì. Igi ni kí o máa wò.

(Bí bàbá Tekinene ṣe kọ́ ọ láti wakọ̀ wọlé nìyẹn. Bàbá náà ti kú. Igi ló ṣẹ́ kù.)

5.

ÌKÉDE ÌGBÌMỌ̀ ERÉKÙṢÙ

Òkun ti wọnú kànga. Ẹ má mu omi kànga mọ́, bí ẹ tilẹ̀ sè é. Omi òjò inú táńkì nìkan ló kù fún wa. Igi yòówù tó bá fì sórí táńkì, gígé ni.

6.

Igi àgbọn méjì ló wà níwájú ilé Rotia, ìyàwó Tekinene. Láti ojú òkun, ewé èyí àgbà ló máa ń bo ti àbúrò, igi kan ṣoṣo ni apẹja ń rí. Òkun ti jẹ ìdí èyí àgbà. Ó ti fì sórí táńkì.

Tekinene kò sí nílé. Ó ti gbé ọkọ̀ ìgbòkun lọ pẹja ní erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Ọmọ wọn, ìkókó, ń yàgbẹ́ gbuuru nítorí omi kànga. Rotia wo ọmọ, ó wo táńkì. Ó ní kí wọ́n gé e.

Wọ́n gé e. Ọmọ mu omi tó dára, ó sùn. Inú Rotia dùn, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

7.

Ayọ̀ abara tín-ín-tín.

8.

Omi òkun fà, Rotia lọ wá akàn lórí àpáta. Ó bojú wẹ̀yìn.

Igi kan dúró níwájú ilé. Ó ga, ó gún régé. Apẹja tó bá ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín igi tó lọ àti igi tó kù, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ díẹ̀ yẹn gan-an ló máa darí ọkọ̀ sórí àpáta.

Akàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

9.

Ọkọ̀ tí wọ́n lè fi lọ pàdé Tekinene lójú òkun:

kò sí. Ìgbì ti fọ́ ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì èkejì ti kú. Wọ́n fi rédíò pe Tarawa, olú-ìlú. Tarawa ní àwọn ti gbọ́, ọkọ̀ àwọn jìnnà.

10.

ÌYÁ ỌKỌ: Kí lo fẹ́ fi àáké ṣe?

ROTIA: Mo fẹ́ gé èyí tó kù, Màmá.

ÌYÁ ỌKỌ: Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o. Kí lọmọ mi máa wá fi mọ̀nà?

ROTIA: Kò ní mọ̀ ọ́n.

ÌYÁ ỌKỌ: Rotia.

ROTIA: Tí ò bá rí nǹkan kan, á dúró síta. Tó bá rí eléyìí, á wọlé.

(Ìyá ọkọ wo ojú òkun.)

ÌYÁ ỌKỌ: Omi mímu tó gbé dání ńkọ́?

ROTIA: Ó ti yẹ kó tán.

11.

Àáké.

Àáké.

Igi yìí kò ṣàìsàn rí. Ó le.

Àáké.

12.

Ìgbòkun.

13.

Ìyá ọkọ ti sáré dé etí omi, ó ń ju aṣọ sókè. Ẹni tó ń bọ̀ wálé á rò pé wọ́n ń kí òun káàbọ̀ ni.

Rotia kò wo òkun. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Igi náà fì díẹ̀, ó tún dúró.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé ó wó. Rárá, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Mo fẹ́ sọ pé ó wó lásìkò.

Àáké.

4.

…tí o bá ti rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, wá                     iwájú ilé wa. Jẹ́ kí orí                     bọ́ sórí òrùlé náà gẹ́ẹ́.

                    nìyẹn.

Lápá ọ̀tún, àpáta.

Lápá òsì, àpáta.

Má wo ìgbì.