Ohun Tí Tíṣà Ń Kọ Sínú Ìwé

Aránṣọ kò fẹ́ràn ẹni tó bá ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí inú rẹ̀ yọ́ sí òun, kó má mú bíírò dání wá. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ni wọ́n kó òun àti àwọn ogunléndé yòókù sí. Aṣọ ni wọ́n fi ta ìkélé sáàárín ìdílé kan àti èkejì, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sín níbí, ará yàrá kẹta ni yóò bá a ṣe pẹ̀lẹ́. Nínú yàrá tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ kan wà, ẹní méjì wà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo sì wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí gbogbo ibẹ̀ mọ̀ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò mọ̀wé rárá.

Ìyá ló pa irọ́ náà. Ọmọ ló ń gbé e rìn.

Kò sì pa á lásán. Ní ìlú tí wọ́n ti sá wá, àwọn ọkùnrin oníbọn wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ kan. Wọn ò fọ́ nǹkan kan, wọn ò lu ẹnikẹ́ni. Ìwé orúkọ ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní àwọn ń wá ọmọbìnrin tó mọ̀wé dáadáa, tí yóò máa bá àwọn kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń pè wọ́n bí wọ́n ṣe gbapò nínú ìdánwò: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Àkọ́bí Aránṣọ ló ṣe ipò kìíní. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n kó wọn sí, títí di òní, a ò rí ẹni tó padà. Àwọn tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò, tí ìyá wọn ń bú ní ọ̀lẹ, àwọn ló ṣẹ́kù sílé. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí wọ́n kéde pé wọ́n fẹ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tí ogun dá ẹ̀kọ́ wọn dúró, Aránṣọ pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ìkélé. Bó ti máa ń kì í láràárọ̀ ló kọ́kọ́ kì í: "Ọmọ a-rìn-jìnnà-má-sọnù, ọmọ abẹ́rẹ́ tí í gún aṣọ tí kì í gún ọwọ́ ìyá ẹ̀." Ìgbà tí orí ọmọ wú tán, ó ní, "O máa lọ, torí ilé tí ọmọ wọn ò bá lọ, wọn ò ní fún wọn ní oúnjẹ àti ọṣẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ọ́, o ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Ṣé o gbọ́?"

"Màámi, tí wọ́n bá wá bi mí ní ohun tí mo mọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ni kí o má mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sáàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, ọdún méje, orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì. Àwọn ọmọ náà sọ ọ́ ní Ìyá Kíláàsì. Wọ́n á ní kó bá àwọn so okùn bàtà, wọ́n á tún wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Kíláàsì, èwo ni B?" Á na ọwọ́ sí D. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì parí tí ẹ̀rín yẹn fi ń korò lẹ́nu rẹ̀. Nínú yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló là á sí tiwọn, kíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọdún kan ṣe iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, kí àwọn tí ogun dá dúró lè bá ẹgbẹ́ wọn nílé-ìwé ńlá. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn kì í gbà á síbẹ̀ mọ́. Oṣù méjì ló kù kí òun pé e. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ pa ìwé orúkọ dé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọlé, kò rántí bọ́ bàtà.

"Màámi, ẹ má bínú. Tíṣà fún mi níwèé lódìkodì. Mo yí i padà kí n tó rántí."

Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. "Ó rí ọ?"

"Ó rí mi. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé kan."

"Ìwé wo?"

"Ọ̀kan tó máa ń fi há abíyá. Kì í gbé e sílẹ̀ fẹ́nikẹ́ni."

Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Láti ọjọ́ náà ni Aránṣọ ti ń ṣọ́ Tíṣà. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ọmọ ìlú tí wọ́n sá wá bá yìí, ohùn rẹ̀ tutù, bàtà rẹ̀ kì í dún. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni kò tẹ́ Aránṣọ lọ́rùn. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú, kí ló dé tí kì í fẹsẹ̀ kilẹ̀?

Alágbàfọ̀ tó wà ní ìkélé kejì tún wá bu epo síná. "Mo rí i lánàá," ó ní, ó ń fún omi aṣọ. "Ó dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń bi àwọn ọmọ pé ọdún mélòó lọmọ ẹ."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Kí lọmọdé máa sọ? Wọ́n ní ó ti dàgbà bí ìyá àwọn."

"Kí lòun wá ṣe?"

"Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò mọ̀ o, aránṣọ. Ẹni tó ń béèrè ọjọ́ orí ọmọbìnrin kiri, bí kò bá tiẹ̀ ní ọmọkùnrin nílé, á mọ ẹni tó ní."

"Ẹnu ẹ yìí, ọṣẹ ló yẹ ká fi fọ òun náà."

"Kí ọṣẹ kọ́kọ́ tó aṣọ ná."

Lọ́jọ́rú, Tíṣà fúnra rẹ̀ yọ, ìgbà tí kò yẹ gan-an ló sì yọ. Aránṣọ ń rán gáùn ìgbéyàwó funfun kan fún oníbàárà rẹ̀ nínú ìlú. Oníbàárà yẹn àti ọmọ rẹ̀ ga bákan náà, ìbàdí wọn dọ́gba, nítorí náà ọmọ ló máa ń bá a wọ aṣọ náà wò. Ọmọ dúró lórí àpótí, gáùn wà lára rẹ̀, píìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáùn, ìyá fi ètè di píìnì mẹ́rin mú. Bí ìkélé ṣe ṣí nìyẹn.

Tíṣà wo gáùn. Ó wo ọmọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà: ojú rẹ̀ ṣú, kó tó di pé ó fi ẹ̀rín bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aṣọ yìí mà dára o. Ta ló ni ín?"

Aránṣọ kò lè dáhùn nítorí píìnì. Nígbà tó fi máa yọ wọ́n tán, ó ti rántí pé òun ò fẹ́ dáhùn. "Ẹni tó ni ín ló ni ín."

"Ṣé kò sí àlejò tó ń wá kí ọmọ yìí, mà?"

"Àlejò bí irú ta ni?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Bí ẹ ti ń béèrè yẹn, ṣé wọ́n rán yín ni?"

"Wọn ò rán mi, mà." Ó yíkàá díẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Kò tíì kúrò lẹ́nu ìkélé tí wọ́n fi gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé.

Aránṣọ kúnlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. "Ọlọ́run, Ìwọ tí O ń rí inú ìwé tí wọ́n pa dé, tú àṣírí obìnrin yìí fún mi kó tó tú tiwa." Nígbà tó ṣàmín tán, ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun á gba ìwé yẹn wò, òun á sì mú ọmọ òun kúrò níbẹ̀.

"Màámi, tí ẹ bá mú mi kúrò, wọ́n ti pa ìwé dé mọ́ mi nìyẹn. Mi ò ní kéré tó lọ́dún tó ń bọ̀."

"Èyí tó ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, ibo ló gbé e lọ?"

Ọmọ ń ká gáùn náà, ó ká a, ó tún tú u, ó tún un ká.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Aránṣọ wọ kíláàsì láìkí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ irú ìyẹn kò sí nínú ìwà rẹ̀. Ọmọ wẹ́wẹ́ bí ọgbọ̀n gbójú sókè.

"Tíṣà, ìwé tí ẹ ń kọ ọmọ mi sí, mo fẹ́ rí i."

Tíṣà fà á mọ́ra. "Ìwé iṣẹ́ mi ni, mà."

"Ṣé ọmọ mi wá di iṣẹ́ yín ni? Ẹ gbé e fún mi, àbí kí n mú un lọ báyìí, kí ẹ sì máa kọ afẹ́fẹ́."

Tíṣà wo ìyá, ó wo ọmọ. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un.

Aránṣọ ṣí i. Ìlà lórí ìlà, bí èèrà tó ń kó oúnjẹ relé. Kò mọ ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo nǹkan ló ti rò láti ọjọ́rú, kò ro ìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, mà."

"Ẹni tó se ọbẹ̀ kọ́ ló máa sọ fún mi pé ó dùn."

Ta ló wá kù? Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yìí ṣì ń wá B. Ẹnì kan ṣoṣo ni Aránṣọ gbà gbọ́ nínú yàrá náà, ìyẹn ọmọ rẹ̀, tí ó ti sọ fún gbogbo ayé pé kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Bó bá ní kó kà á, àṣírí tú. Bí kò bá ní kó kà á, ohun tó wà nínú ìwé á wà níbẹ̀ bí ejò lábẹ́ ẹní. Ọmọ ti dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ń wo ìwé náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń wo omi.

"Gbà," ìyá ní. "Kà á. Má fi nǹkan kan pa mọ́."

Ọmọ gbà á, ó fi ìka wá ìlà tó kan òun. "'Ọjọ́ Ajé. Ọmọ gíga tó wà lẹ́yìn yí ìwé padà síbi tó yẹ. Ọmọ yìí mọ̀wé. Ó ń díbọ́n. Mi ò tíì mọ ìdí.'"

"Ìyá Kíláàsì ń kàwé," ọmọ kékeré kan sọ níwájú.

"Irọ́. Ó ń wò ó lásán ni," èkejì rẹ̀ fèsì.

"'Ọjọ́rú. Mo lọ sílé wọn.'" Ojú rẹ̀ sáré lọ sísàlẹ̀ ìwé. "'Mo padà sílé-ìwé.'"

"Padà síbi tó o ti fò," Aránṣọ wí.

"Màámi."

"Mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ. Mo mọ ibi tí abẹ́rẹ́ bá fò. Ìlà mẹ́ta lojú ẹ fi sílẹ̀."

Ọmọ wo Tíṣà. Tíṣà ti dorí kodò.

"'Mo bá a nínú aṣọ ìyàwó, ìyá rẹ̀ ń wọ̀n ọ́n sí i lára. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi í fọ́kọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó máa ṣe bí òpè. Bí mo bá béèrè jù, wọ́n á gbé e sá. N ó máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.'"

Aránṣọ na ìka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi," ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi ni mo fẹ́ fi ọmọ mi fọ́kọ. Aṣọ oníbàárà ni, Tíṣà. Ara ọmọ mi ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, torí mi ò ní ère tí àwọn aránṣọ ńlá ń fi aṣọ kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ti mú lọ fọ́kọ níwájú mi báyìí."

"Èmi rò pé ẹ fẹ́ tà á ni."

"Mo mọ̀, mà. Ojú yín ń sọ ọ́."

"Ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ẹ̀yin náà ń jẹ́ kí n wọlé."

Aránṣọ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, ó sọ ọ́ fún un ní ohùn ìsàlẹ̀: àwọn oníbọn, ìwé orúkọ, ipò kìíní. Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu.

"Wákàtí kan ló kù kí n fi orúkọ àwọn tó máa lọ sí yàrá kejì ránṣẹ́, mà," ó wí nígbà tó yá. "Mi ò lè búra fún yín pé ìwé náà ò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láéláé. Irọ́ ni n ó máa pa."

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Aránṣọ gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Já ewé kan nínú ìwé ẹ. Mú pẹ́ńsùlù." Ó tún yíjú sí Tíṣà. "Ẹ̀yin ní orúkọ wa lọ́wọ́. Àwa ò ní tiyín. Kí lorúkọ yín gan-an?"

Tíṣà sọ ọ́. Ọmọ kọ ọ́.

"Ilé yín?"

Ó sọ àdúgbò, ó sọ nọ́ńbà, ó sọ àwọ̀ géètì.

"Ẹ lọ́mọ?"

"Ọ̀kan, mà. Obìnrin."

"Kí lorúkọ ẹ̀? Ilé-ìwé wo ló ń lọ?"

Tíṣà la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ń wo ẹnu pẹ́ńsùlù tó dúró dè é lórí ìwé.

"Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń rí?" Aránṣọ bi í. Kò fi ṣe ẹ̀sín.

"Mo rí i, mà."

Lẹ́yìn náà Tíṣà sọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sọ ilé-ìwé náà, ó sì sọ aago tí wọ́n máa ń jáde. Aránṣọ ní kí ọmọ òun kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká ewé ìwé náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó fi ọwọ́ fà á wò bóyá kókó rẹ̀ le.

"Ó yá, ẹ kọ tiwa," ó ní. "Ọdún mẹ́rìnlá ni, kì í ṣe mọ́kànlá. Àbí rárá, ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́, kí n máa wò."