Ẹja Tíṣà àti Orin Ẹlẹ́sẹ Méje

Ẹja kan ṣoṣo ló ń gbé inú àpótí dígí tó gba ògiri pálọ̀ Tíṣà tán. Ó gùn tó apá àgbàlagbà, ó pọ́n bí ọsàn, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó bí ti ehoro. Kì í jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ewé tín-ín-tín-ín tó ń hù lára òkúta àti dígí nínú omi iyọ̀ ni ó ń ha jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí tí kò bá ha tán, Ìyàwó ni yóò ki ọwọ́ bọ omi ha á.

Ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè é nínú ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ tó gbé e wọlé ti kú láti ọdún méjì. Àbúrò Tíṣà ni ọkọ náà. Tíṣà fún opó yìí ní yàrá kan, kò sì jẹ́ kó gbàgbé yàrá náà lọ́jọ́ kan. "Ẹni tó ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́ kì í jí pẹ́," ni yóò máa wí.

Aránṣọ ni Ìyàwó. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ ní kó wá dán ọwọ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́sàn-án. Yàrá wà níbẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà á, ó bọ́ nìyẹn. Ó sọ fún Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó má baà dà bí ẹni tó ń yọ́ lọ.

"Ó dára," ni Tíṣà wí. "Kí o tó lọ lọ́la, ha dígí. Gbé òkúta ẹ̀yìn yẹn náà, kí o fọ abẹ́ rẹ̀."

"Bùọ̀dá, abẹ́ òkúta yẹn ni ẹja ń sùn sí."

"Ewé ló ń jẹ. Ṣé o ti rí ewúrẹ́ tó pa ènìyàn jẹ rí? Kì í buni jẹ."

Òótọ́ ni, kì í buni jẹ.

Láàárọ̀, Ìyàwó ki ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ òkúta. Ẹja náà ti bọ́ àwọ̀ ọsàn rẹ̀ sílẹ̀, ó ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà ró ṣánṣán. Ìyàwó kò mọ̀ pé àwọ̀ ìbẹ̀rù nìyẹn. Ẹ̀gún mẹ́ta wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti irin gbígbóná bọ egungun.

Ibẹ̀ ni agogo àdúrà ti dún. Nílé Tíṣà, bí agogo bá ti dún, kálukú ti jókòó nìyẹn, ẹnìkan kò sì gbọdọ̀ dìde títí wọn yóò fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ìkòkò ọbẹ̀ ti jóná rí nínú ilé yẹn, wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ń ṣe àmín.

"Bùọ̀dá, ẹja ti gún mi lọ́wọ́."

Tíṣà wo ọwọ́ náà. Ó wo aago ara ògiri. "Jókòó. Ta ló tóbi jù, ìwọ tàbí Olúwa?"

Orin ẹlẹ́sẹ mẹ́ta ló ti ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó yí ewé ìwé padà, ó mú ẹlẹ́sẹ méje, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹni ń fa òkúta. Ìyálé Ìyàwó, aya Tíṣà, tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá etí ara rẹ̀, ń kọrin, ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ tó ń wú. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, ọwọ́ ti dà bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú.

Ìyàwó dé ibi iṣẹ́, kò lè di abẹ́rẹ́ mú. "Àǹtí, ẹ lọ tọ́jú ọwọ́ yín ná," ni wọ́n wí fún un, wọ́n sì pe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ta ẹja náà fún Tíṣà kọjá. Ọkùnrin náà mi orí. "Omi gbígbóná ni oògùn oró ẹ̀gún rẹ̀, bí ara bá ṣe lè gbà á tó, lójú ẹsẹ̀. Ṣé Tíṣà kò sọ fún yín ni? Èmi ni mo ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ omi gbígbóná lọ́dún tó kọjá. Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́."

Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ilé lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá. Dígí ti di aláwọ̀ ewé, Tíṣà sì ń retí àlejò láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun yóò kó ẹja náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè fọ ilé rẹ̀. Ó ti àwọ̀n bọ omi. Ẹ̀gún ẹja há sínú àwọ̀n. Ìyàwó dúró tì í pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Ó rí i tí àwọ̀ ọsàn ń ṣá, tí àwọ̀ ẹrẹ̀ ń jáde. Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

Tíṣà ki ọwọ́ bọ àwọ̀n láti tú u.

Igbe rẹ̀ mú ìyálé sáré dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Tíṣà ti wà nílẹ̀. "Omi gbígbóná," ni ó ń wí. "Ìyàwó, omi gbígbóná." Gbogbo wọn ń gbọ́ kẹ́tùlù tó ń hó lórí iná.

Ìyàwó kọ́kọ́ rọra da ẹja àti àwọ̀n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ó mú agogo àdúrà lórí tábìlì, ó sì lù ú.

"Ta ló tóbi jù, Bùọ̀dá?"

Ìyálé pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé. Ó gbé àga tì í, ó jókòó. "Ẹlẹ́sẹ méje yẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo igun pálọ̀.

Wọ́n kọ ọ́ láìfo ẹsẹ kan. Nígbà tó di ẹsẹ kẹrin, Tíṣà ń sunkún, Ìyàwó sì rántí pé Ẹni tí òun ń kọrin sí ń gbọ́ ẹkún náà pẹ̀lú. Ó mú ẹsẹ karùn-ún.

Lẹ́yìn oore-ọ̀fẹ́, ó da omi sínú bàsíà, ó bu tútù díẹ̀ sí i, kó má baà bó ọkùnrin náà. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ láti tọ́ ọ wò. Ọwọ́ náà kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù. Ó yọ ọ́, ó fi ti òsì.