Aránṣọ Tí Kò Tẹrí Ba

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́ lódì: òwú mi ò já. Aṣọ ló ya. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ló tú lórí ìtàgé lọ́jọ́ náà, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa.

Ijó baléè ni wọ́n ní kí n wá ránṣọ fún, ijó tí wọ́n ń fi orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró bíi pé ilẹ̀ gbóná. Èmi tí mo ti ń rán aṣọ ìyàwó látọjọ́ yìí, èmi ni mo ya gbogbo aṣọ ijó náà sórí ìwé, tí mo gé e, tí mo rán an. Ẹ má fojú kéré ẹ̀ o! Ẹni tó wọ aṣọ ìyàwó, ó kàn ń jókòó ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Oníjó á fò, á yí bí òòyì, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á tún gbé e kalẹ̀, aṣọ ò sì gbọdọ̀ kúrò láyè ẹ̀. Síìpù ò dáa fún un, torí bó bá kọṣẹ́ níwájú èrò, ó parí nìyẹn. Ìkọ́ wẹ́wẹ́ ni mo tò sẹ́yìn aṣọ láti òkè dé ìdí. Bí ọ̀kan bá bọ́, àwọn yòókù á dì í mú.

Ọmọbìnrin tó ń jó níwájú gbogbo wọn, Ìyẹ́ là ń pè é, torí kò wúwo rárá. Aṣọ funfun ni mo rán fún un, pẹ̀lú yẹ̀rì aláwọ̀n tó nà yí ìdí ẹ̀ ká. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó gbé apá sókè, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Àǹtí, aṣọ yìí ò há mi níbì kankan. Àfi bíi pé mi ò wọ nǹkan kan!"

Mo ní kó má jẹ́ kí ìyá ẹ̀ gbọ́ gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n orí mi wú.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ti lanu sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún màámi pé bí ijó bá parí, wọ́n á pè mí jáde, kí gbogbo èèyàn lè rí ẹni tó rán aṣọ. Màámi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n ń ránṣọ fún ìyàwó oníyàwó. Bó bá dọjọ́ ìgbéyàwó, àwọn ẹbí á pe ẹni tó dáná wá ya fọ́tò, wọ́n á pe ẹni tó to àga, kódà awakọ̀ á yọjú létí fọ́tò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bèèrè pé aránṣọ dà. Màámi kì í ráhùn, èmi ni mo máa ń bá wọn ráhùn. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé a pe ọ̀kan nínú wa jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọkọ mi mú wọn wá, kí wọ́n jókòó síwájú pátápátá.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gá Ijó, ọkùnrin tó ń darí àwọn oníjó, pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Àǹtí, mo gbọ́ pé ẹ ti ń múra àtijáde. Àwọn oníjó àtàwọn olórin nìkan ló máa ń jáde kí èrò. Aránṣọ kì í jáde."

"Ta ló ṣòfin yẹn, Ọ̀gá?"

"Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ má bínú."

Ẹ má bínú kẹ̀! Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n fi téèpù ọrùn mi nà án. Bí mo bá kó aṣọ mi nílẹ̀, ṣé ìhòòhò ni wọ́n máa jó ni? Mo pe màámi lórí fóònù kí n sọ fún wọn, ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń sọ fún mi pé àwọn ti wọ bàtà tuntun. Mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Ẹ máa bọ̀ o, Màámi."

Ijó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú ìbínú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo aṣọ náà jọ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lábẹ́ iná, mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo pé, "Èmi ni mo rán an!" Ẹni tó ń fa kọ́tìnnì ní kí n jọ̀ọ́ panu mọ́.

Ó kù díẹ̀ kó parí, Géńdé, ọkùnrin tó ń bá Ìyẹ́ jó, gbé e sókè fún ìgbà ìkẹyìn. Bó ṣe ń gbé e bọ̀ wálẹ̀, òrùka ọwọ́ ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn aṣọ náà. Fàààà! Mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Bí wọ́n ṣe pa kọ́tìnnì dé ni Ìyẹ́ sáré bá mi, ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀ ti là dé ìbàdí. Gbogbo ìkọ́ mi ṣì wà láyè wọn, òwú mi dì wọ́n mú. Aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló fà ya.

Níta, àtẹ́wọ́ ń dún. Wọ́n ti fẹ́ ṣí kọ́tìnnì padà kí àwọn oníjó lè kí èrò.

"Àǹtí, mi ò lè jáde báyìí." Ẹkún ti gba ojú Ìyẹ́.

"Ta ni ò ní jáde? Nínú aṣọ tí mo rán?"

Mi ò lè fi pínnì sí i, kó má lọ gún un lẹ́yìn níṣojú gbogbo ayé. Mo kó etí aṣọ méjèèjì pọ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì wọ́n mú pinpin. "Ó yá, máa lọ," mo ní. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀, mo gbẹ́sẹ̀.

Bí mo ṣe dé iwájú èrò nìyẹn o, téèpù lọ́rùn, sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, Ọ̀gá Ijó ń juwọ́ sí mi bí ẹni ń lé adìẹ. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Géńdé tẹrí ba. Gbogbo oníjó tẹrí ba. Ìyẹ́ rọra tẹ orúnkún díẹ̀. Èmi ńkọ́? Bí mo bá tẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọwọ́ mi á fa aṣọ náà wálẹ̀ láyà ọmọ ọlọ́mọ. Mo dúró ṣánṣán, mo gbórí sókè, mo ń wo èrò lójú. Ní ìlà iwájú, màámi dìde. Wọn ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò mí.

Nígbà tí màámi àti ọkọ mi wá bá mi lẹ́yìn ìtàgé, obìnrin kan tó ń kọjá ń sọ fún èkejì ẹ̀ pé, "Aránṣọ yẹn mà gbéra ga o! Kò tiẹ̀ tẹrí ba!" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

"Wọn ò pè mí o, Màámi," mo ní. "Aṣọ ló ya, ọwọ́ ni mo fi dì í mú."

"Mo rí ọwọ́ ẹ. Ṣé o rò pé mi ò mọ ìdúró aránṣọ?" Wọ́n gba ọwọ́ ọ̀tún mi, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ibi tí ìkọ́ ti tẹ àpá sí. "Látìgbà tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ, mi ò gbórí sókè rí. Màá tẹ̀ síbẹ̀ títí ìyàwó á fi wọlé, títí á fi gbaṣọ ẹ̀ lọ. Lónìí, gbogbo wọn tẹrí ba, aránṣọ nìkan ló dúró. Ni mo bá dìde, kí èmi náà dúró."

Omijé ń dà lójú mi. Màámi ní kí n nu ojú, ká má gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, iwájú ni ká gbà. Iwájú la sì gbà jáde.