Ìlérí Èédú ní Ìjọ Ẹ̀gùá

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, tí ìjọba ti ti bọ́dà pa fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ìwé kan dé sí ìjọ wa ní Ẹ̀gùá láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìjọ ní Ìlarò. Ó ní àwọn ìjọba àgbáyé fẹ́ ṣèpàdé ní ìlú Màdrídì nítorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà, àwọn ìjọ Kristẹni kò sì gbọdọ̀ dákẹ́. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìlérí pé àwọn ò ní gé igi sun èédú mọ́. Wọn yóò kó ìlérí gbogbo ìjọ pọ̀, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣèpàdé.

Ọ̀rọ̀ náà dára. Òjò ọdún yẹn ti fi ojú wa rí màbo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin àgbàdo kó tó hù. Àṣejù tèmi, akọ̀wé ìjọ, ni pé mo fẹ́ kí ìjọ wa ta àwọn tó kù yọ. Mo sọ fún Pásítọ̀ Ọládọ̀tun pé ìlérí tí kò ní ìyà lẹ́yìn, àwọn èèyàn wa ò ní kà á sí. Ó ní kí n kọ òfin kan sí i. Mo kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i yóò jókòó sí àga ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ wá síwájú pẹpẹ.

Ní ìjọ wa, àga ẹ̀yìn ni a ń fi àwọn tó bá ṣẹ̀ sí. Wọn kì í gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Bí ọmọ wọn bá ń ṣègbéyàwó, ẹlòmíì ló máa dúró bí òbí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tò síwájú tábìlì mi, wọ́n fọwọ́ sí i. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Àṣìkẹ́ nìkan ló kù.

Opó ni Àṣìkẹ́. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, àgbàdo ló ń kó lọ tà ní ọjà Pobẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba oko ọkọ rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun èédú. Títílọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, yóò ṣègbéyàwó ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kejìlá. Mo rò pé yóò sáré fọwọ́ sí i ni.

"Màmá Títí, ẹ fọwọ́ sí i, ká máa lọ jẹun," ni mo wí.

"Bàbá Akọ̀wé, èédú tí mo dáná sí lánàá ṣì wà nínú ilẹ̀. Lọ́la ni mo máa wú u. Kí ni kí n wá fọwọ́ sí?"

"Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i. Ta ló máa ti Màdrídì wá wo oko yín?"

"Ṣé àwọn ará Màdrídì la ṣèlérí fún ni, àbí Ọlọ́run?"

Inú bí mi, mo ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ohun tí ẹnì kankan nínú wa ò sọ síta ni pé ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo wá sí àwọn ìlú ẹ̀bá bọ́dà mọ́. Kẹrosíìnì di ohun àwátì. Èédú ni gbogbo wa fi ń dáná, ọwọ́ Àṣìkẹ́ la sì ti ń rà á. Àpò méjì wà nílé ìdáná tèmi. Ìlérí náà bá ẹni tó ń sun èédú wí, kò dárúkọ ẹni tó ń rà á, èmi náà ò sì fi kún un.

Títílọpẹ́ bẹ ìyá rẹ̀ tẹkúntẹkún kó fọwọ́ sí i. Àṣìkẹ́ náà sunkún, àmọ́ kò fọwọ́ sí i. Ni Pásítọ̀ bá mú ìyàwó mi, Rẹ̀mílẹ́kún, pé kó dúró ní ipò ìyá. Ó ní òun ò ṣe. Mo ní ó gbọ́dọ̀ ṣe é.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Pásítọ̀ bèèrè pé, "Ta ni ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?"

Ìyàwó mi bojú wo àga ẹ̀yìn. Pásítọ̀ tún un bèèrè. Ìyàwó mi wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni Àṣìkẹ́ wí láti àga ẹ̀yìn. Kò pariwo, kò sì dìde.

Gbogbo ìjọ yíjú padà. Pásítọ̀ ń wò mí, ó ń retí kí n sọ ohun tí òfin wí. Ojú tì mí gan-an. Òfin ní kó má wá síwájú, kò sì wá. Èmi ni mo kọ ọ́, kò sì síbi tí mo ti kọ ọ́ pé ìyá ò gbọdọ̀ dáhùn. Mo mi orí sí Pásítọ̀ pé kó máa bá a lọ, ó sì so ọwọ́ àwọn ọmọ náà pọ̀.