Kókó Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran

Ìgò gọ́ọ̀mù káfíńtà ni Dókítà Akínlabí kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ sórí tábìlì kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni. 

"Mídé, ṣé o ti tò ó?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

"Láti ọdún tó kọjá ló ti ń ku díẹ̀. Tí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gbé wa lọ Yábà bá dé tí o ò tíì tò ó, a máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mi ò lè gbé igi tó tú ká sínú àpótí dígí níwájú àlejò."

Ilé Mọ́mì Oyèníran ní Sùúrùlérè la wà. Ọkọ Mọ́mì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ló kọ́ wa ní ìṣirò ní yunifásítì. Ó ti pé ọdún kan tí Bàbá kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni ẹ̀ka ìṣirò wa ní Yábà fẹ́ ṣe ìrántí wọn, Dókítà Akínlabí tó jẹ́ olórí ẹ̀ka sì ti ní kí wọ́n ṣe àpótí dígí kan tí Kókó máa wà nínú rẹ̀.

Kókó ni Bàbá sọ igi náà. Ègé igi ìrókò mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gùn ju ìka lọ, káfíńtà kan ní Múṣin ló gbẹ́ ẹ fún wọn. Tí ẹ bá tò ó, á di ohun kan bí ìràwọ̀, á le bí òkúta. Tí ẹ bá fà á níbi tó yẹ, á tú lẹ́ẹ̀kan náà bí òdòdó tó là. Ní àárọ̀, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá á tú u, wọ́n á tún un tò lójú wa, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? Kò sí idán níbẹ̀." Wọ́n á wá kọjú sí pátákó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àwa ò ní wo pátákó mọ́. Kókó là ń wò.

Bàbá yàtọ̀ sáwọn olùkọ́ yòókù. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe: olùkọ́ ò tíì sọ̀ tán nínú mọ́tò tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa du báàgì wọn gbé. Ẹni tó bá nawọ́ sí ti Bàbá, wọ́n á bi í pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé ọwọ́ mi kán?" Wọ́n á gbé báàgì wọn fúnra wọn gun àtẹ̀gùn dókè, wọ́n á tún máa súfèé.

Èmi tí mi ò lè jókòó sójú kan, tí ẹsẹ̀ mi máa ń jó lábẹ́ àga, Bàbá ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kì í ṣe àìsàn. "Ọpọlọ ẹ ló ń wá nǹkan jẹ." Látọjọ́ náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ju ìbéèrè kan sí mi bí ẹni ń ju ẹ̀pà sọ́mọ lẹ́nu. Ẹ̀pà yẹn ni mo jẹ títí tí mo fi dẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábà.

Ìgbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, wọ́n tú Kókó, wọ́n da igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú báàgì mi. "Tó o bá tò ó, mú un padà wá. Tí o ò bá tò ó, mú un padà wá náà, kó o wá jẹun." Mi ò mọ̀ pé mi ò ní bá wọn nílé mọ́.

Mo gbìyànjú. Mo tò ó ní ọ́fíìsì, mo tò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí pásítọ̀ ń wàásù. Jude tí a jọ gba ilé ní tí ariwo igi yẹn bá tún jí òun, òun máa fi se ìrẹsì. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Igi náà ń lọ ní méjì-méjì láti ọ̀nà mẹ́ta, ìdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá ti ọ̀kan, òmíràn á yọ́ jáde. Mo fi rọ́bà dè é, rọ́bà dí ọ̀nà.

Gọ́ọ̀mù ló wá kàn yìí. Kókó tí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ò ní tú mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní tò ó mọ́. Ó máa dà bí ìgbà tí a bá tún Bàbá sin.

"Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mọ́mì, tí wọ́n ti ṣe olórí ilé-ìwé rí, ń bó ọsàn lórí àga wọn. "Bọ́ọ̀sì ò tíì dé. Máa tò ó."

Motọ́lání, ọmọ kíláàsì mi tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Onígi, ẹ kú iṣẹ́ o! Gbogbo ọgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn, igi mẹ́fà péré ló gbò ó."

"Ìwọ wá tò ó, jàre."

"Èmi? Púfù-púfù mi ni mò ń jẹ." Ó nu ọwọ́, ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n ṣe Bàbá fún yín kí bọ́ọ̀sì tó dé." Ó fa gíláàsì ojú rẹ̀ wálẹ̀ dé orí imú, ó ṣe bí ẹni tó mú nǹkan lọ́wọ́, ó sì mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti Bàbá: "Ìwọ! Ìwọ tó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni ń retí rélùwéè! Wá bá mi di èyí mú. Tì í síwájú díẹ̀. Ó tó, ó tó! Ṣé o fẹ́ bì mí ṣubú ni?"

Ilé hó. Dókítà Akínlabí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe gbá apá Motọ́lání mú.

"Motọ́, tún ìyẹn sọ."

"Èwo?"

"Wá bá mi di èyí mú."

Gbogbo wa la ti bá Bàbá dì í mú rí. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n tò ó tí wọn ò pe ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Àgbà ló rán ọmọdé níṣẹ́, kí ló tún kù níbẹ̀? Bàbá tó bí mi lè jókòó ti ìkòkò omi, kí wọ́n pè mí láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá bu omi fáwọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèníran kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹni tí kì í jẹ́ ká gbé báàgì òun, kí ló ń fi ọwọ́ wa ṣe?

Ọwọ́ méjì ò tó ni!

Fèrè bọ́ọ̀sì dún níta. Dókítà Akínlabí gbé ìgò gọ́ọ̀mù, wọ́n ń ṣí ìdérí rẹ̀.

"Ẹ dúró, sà!" Mo ti fi ọwọ́ ọ̀tún mú igi méjì, mo fi òsì mú méjì. Méjì yòókù wà lórí tábìlì níwájú Dókítà. "Ẹ dákun, sà, ẹ bá mi di èyí mú."

Ta lèmi tí mo ń rán olórí ẹ̀ka níṣẹ́? Ó wù mí kí n dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi kún. Orúnkún nìkan ló ráyè kanlẹ̀.

"Èmi?" ni Dókítà bi mí.

"Akínlabí, dì í mú!" Ohùn olórí ilé-ìwé ni Mọ́mì fi sọ ọ́.

Dókítà gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀ wàràwàrà, wọ́n dì í mú.

"Ẹ tì í síwájú díẹ̀, sà. Èmi náà ń tì. Ó tó, ó tó!"

Ó dún kò, bí ilẹ̀kùn tó bá férémù rẹ̀ mu. Mo ṣí ọwọ́. Kókó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó le bí òkúta.

Motọ́lání pariwo débi pé dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì sáré wọlé. Dókítà Akínlabí ń wo ìka ọwọ́ wọn. "Nígbà témi náà wà ní kíláàsì wọn, èmi ni wọ́n máa ń pè jù," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. "Mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni."

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ," ni Mọ́mì dá wọn lóhùn. "Wọ́n sì tún ń wá ọwọ́ ẹ. Èmi ni mò ń bá wọn dì í mú nílé."

Igbe bọ́ lẹ́nu mi. "Mọ́mì! Ẹ mọ̀, ẹ wá jókòó tí ẹ̀ ń wò mí?"

"Ta ló bi mí?" Mọ́mì ju ọsàn kan sẹ́nu. "Kí gọ́ọ̀mù ṣáà kan igi ni, ẹ ò bá gbọ́ ohùn mi."

Nígbà tí a dé Yábà, Mọ́mì ò jẹ́ kí Kókó pẹ́ nínú dígí. Wọ́n fà á tú níwájú gbogbo àlejò, wọ́n ní ẹni tó bá wù kó wá tò ó. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Fúnlọ́lá, ló sáré gbà á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fún ojú pọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó. Igi ń já bọ́, ó ń ṣà á.

Motọ́lání fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ṣé ká lọ bá a dì í mú?"

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Kò tíì pè wá."