Ìwé Méjì Lára Ògiri Arégáṣì

"Tìẹ gan-an lo gbé wá?" Zẹnẹ́bù fi ìgbọ̀nwọ́ gún Arégáṣì níhà, ó fojú tọ́ka sí ike kékeré tó dì mọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

"Ti ta ni ǹ bá gbé wá? Wọ́n ní kí ẹni tó ń ta oúnjẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ wá, mo gbé e wá."

"O ò gbọ́n rárá. Ti ọmọ mi obìnrin ni mo gbé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lóògùn aràn nílé ìwé, inú rẹ̀ mọ́ bí àwo."

Kò sí obìnrin tó ń ta injẹ́rà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀, ní ibùdókọ̀ Góńdà tí kò mọ ọgbọ́n yẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, ọdọọdún náà lọmọ ọlọ́mọ ń bá wọn ṣu. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí inú ti ń run Arégáṣì, ó sì fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é.

Èsì dé, aràn wà nínú tirẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó má tajà fọ́sẹ̀ méjì, kó sì tún wá ṣàyẹ̀wò. Ìwé Zẹnẹ́bù mọ́ tónítóní. Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo ibùdókọ̀ ti gbọ́. Àwọn awakọ̀ tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá ń tutọ́ tí wọ́n bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ó lo oògùn náà tán, ó padà lọ, wọn ò rí nǹkan kan mọ́, wọ́n sì fún un níwèé èsì kejì.

Lọ́jọ́ tó padà sí ìsọ̀, ó lẹ ìwé méjèèjì mọ́ ògiri: ti aràn lápá òsì, ti àìsí aràn lápá ọ̀tún. Ó dáná, ó gbé ṣírò, ọbẹ̀ ẹ̀wà lílọ̀, kaná. Ni Gáṣáwù, alága àwọn tó ń tajà níbẹ̀, bá wọlé.

"Já ìwé àkọ́kọ́ yẹn. O fẹ́ lé oníbàárà gbogbo wa lọ ni? Tó ò bá já a, màá fi àyè yìí fún ẹlòmíì."

"Mi ò já a, ẹ̀gbọ́n." Arégáṣì ò tilẹ̀ dìde. "Ṣé ẹ ti gbàgbé àgbo koso ni? Oṣù méjì méjì ni bàbá yín àgbà àti tèmi ń mu ún láti fi lé aràn. Àlejò á dé, wọ́n á ní baálé mu koso lónìí, kó padà wá lọ́la. Kò sẹ́ni tó ń tutọ́. Ìgbà wo ló wá dẹ̀ṣẹ̀?"

"Ayé àtijọ́ nìyẹn."

"Tòní náà ni mò ń sọ. Nínú gbogbo wa níbí, tèmi nìkan la mọ̀ pé ó wà, tèmi nìkan la sì mọ̀ pé ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba àyè mi, ẹ kó gbogbo wa lọ sílé ìwòsàn lọ́la, kí nọ́ọ̀sì dúró ti oníkálukú lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣáláńgá. Ẹ̀yin náà ń ta tíì. Ẹ ó bá wa lọ."

Awakọ̀ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Gáṣáwù ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Awakọ̀ náà fa àga, ó ní kó bu ṣírò fóun.

Lọ́sàn-án, Zẹnẹ́bù yọ́ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Arégáṣì ti rí i tó ń sáré lọ sí ṣáláńgá láti àárọ̀. Zẹnẹ́bù fọwọ́ di ikùn mú, kò lè gbójú sókè.

"Arégáṣì, jọ̀ọ́. Oògùn yẹn, ṣé ó korò?"

Gbogbo èébú tí Arégáṣì ti ń tò sílẹ̀ fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. Ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ọn.

"Kò korò tó koso. Ṣùgbọ́n wọn kì í fúnni láìyẹ ìgbẹ́ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, Zẹnẹ́bù, ṣu tìẹ."